Ìtàn Àròsọ àti Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Ka Ìwé Tán

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Ìgbàrà-Òkè dé Àkúrẹ́, àti láti Àkúrẹ́ dé ìlú Oǹdó, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi kọ́ àwọn òbí wọn. Olùkọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tàbí ogún sí ojú pátákó, yóò kọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, wọn yóò há a sórí, olùkọ́ yóò sì bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí oṣù méjì bá kọjá, kí ẹ pe ọmọ tí a pàtẹ́wọ́ fún yìí, kí ẹ ní kí ó fi mẹ́ta péré nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé orí ni ó há a sí, kò dé ọwọ́.

Èrò tí mo gbé wá lónìí kò le. Mo gbà pé ìtàn àròsọ, tí ọmọ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni olùkọ́ tí ó dára jù lọ tí a lè fi àwọn ọmọ wa lé lọ́wọ́ bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún ẹnu wọn. Mo sì tún gbà pé èdè Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ni ó yẹ kí ó di àtùpà mú fún ọmọ náà bí ó ti ń kàwé. Àwọn kan yóò bínú sí apá kejì yìí. Kí wọ́n fara balẹ̀ kà á tán ná.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kékeré kan, “break”, tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá yóò ní òun mọ̀. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sí ojú pátákó pé “break” ni kí a fọ́ nǹkan, òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó. Ìkòkò àti àwo ni àwa Yorùbá ń fọ́. A kì í fọ́ igi, ṣíṣẹ́ ni à ń ṣẹ́ ẹ. A kì í fọ́ okùn, jíjá ni à ń já a. Gẹ̀ẹ́sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí àwa bá ní ẹnìkan yẹ àdéhùn, pé ó rú òfin, pé ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, pé wọ́n túfọ̀ ikú bàbá fún àwọn ọmọ, pé ọkàn ìyá gbọgbẹ́, “break” yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì lè lò fún gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ wo ni yóò rí ààyè kọ gbogbo ìyẹn sí ojú pátákó ní ogójì ìṣẹ́jú? Bí ó bá tilẹ̀ kọ ọ́, ta ni yóò rántí? Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ka ìtàn àròsọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tán ti pàdé “break” pẹ̀lú ìlérí, ó ti pàdé rẹ̀ pẹ̀lú àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ti pàdé rẹ̀ níbi tí ẹnìkan ti ń sunkún, láìsí pé ẹnikẹ́ni pe àkíyèsí rẹ̀ sí i.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èdè tiwa ni ó kó ohun púpọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. A ń gbọ́ ariwo, a ń gbọ́ èdè Faransé, a sì ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: “hear”, “understand”, “smell”. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa, títí kan àwọn tí ó kàwé gboyè, fi máa ń sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn “hear” òórùn. Ẹ̀rín ni a fi ń rín wọn. Ó sàn kí a fi ṣe ẹ̀kọ́, nítorí ọgbọ́n wà nínú àṣìṣe náà. Ẹni tí ó sọ ọ́ mọ Yorùbá rẹ̀ dunjú. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó rí “smell” ní ààyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ojú pátákó kò lè ṣe ìyẹn fún un. Odindi ìwé lè ṣe é.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ará Ìgbàrà-Òkè ju ẹlòmíràn lọ. Ìlú náà, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà wá sí Àkúrẹ́, ní agbègbè tí ẹ̀ka-èdè kò ti jọ èyí tí a ń kọ sínú ìwé. Ní apá ọ̀dọ̀ wọn, láàrin àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, “ulé” ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń pe ilé. Síbẹ̀, ọmọ tí ó dàgbà sínú irú èdè bẹ́ẹ̀ a máa ka Bíbélì, a máa ka Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, a máa gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, yóò sì sọ Yorùbá àjùmọ̀lò láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó tì í tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé “ulé” di ilé. Ó ti gba ọ̀rọ̀ tuntun rẹpẹtẹ láti inú ìwé kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ṣe é rí.

Ẹ̀rí àwọn onímọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1962, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Anthony Burgess tẹ ìtàn àròsọ kan jáde tí ó pè ní A Clockwork Orange. Àwọn ọ̀dọ́ ìpátá inú ìtàn náà ní ẹnà tiwọn, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnà yìí ni Burgess sì mú láti inú èdè Rọ́ṣíà, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé rẹ̀ kò gbọ́. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Saragi, Nation àti Meister, fún àwọn àgbàlagbà kan ní ìwé náà kà láìsí àlàyé ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, wọn kò sì sọ fún wọn pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn yóò bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n dán wọn wò lórí 90 nínú ọ̀rọ̀ ẹnà náà. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n gba 76 nínú 100. Kò sí ẹni tí ó há ohunkóhun sórí. Ìtàn ni wọ́n ń lé lọ, ọ̀rọ̀ ni ó ń bá wọn bọ̀.

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ ṣá o. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnà nìkan ni ó ṣókùnkùn sí wọn. Gbogbo ohun tí ó yí i ká ni ó mọ́lẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí èdè kejì kì í rí tó bẹ́ẹ̀ kó nínú ìwé kan ṣoṣo. Nation kan náà, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, wá fi hàn ní ọdún 2000 pé kí ènìyàn tó lè ka ìtàn àròsọ kí ó sì yé e láìsí olùrànlọ́wọ́, ó yẹ kí ó ti mọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 98 nínú 100. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè ṣe ìṣirò yìí nínú kíláàsì yín. Bí ojú ìwé kan bá ní ọ̀rọ̀ 300, mẹ́fà péré ni ó yẹ kí ọmọ má mọ̀ níbẹ̀. Ẹ ní kí ó ka ojú ìwé kan, kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí abẹ́ èyí tí kò mọ̀. Bí ìlà náà bá di ogún, ìwé náà ti ju agbára rẹ̀ lọ ní báyìí, a kì í sì í fi dandan lé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a sọ pé wọ́n kórìíra ìwé kíkà, ìwé tí kò bá agbára wọn mu ni a fún wọn.

Ìwé wo wá ni kí wọ́n kà? Níhìn-ín ni mo ti ní èrò tí ó le díẹ̀. Àwọn ìtàn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ fún àwọn ọmọ tiwọn dára, ṣùgbọ́n fún ọmọ Ìgbàrà-Òkè, ìṣòro ibẹ̀ di méjì: kò mọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ nǹkan tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí kò rí yìnyín tí ń bo òrùlé rí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún oríṣi yìnyín kò lè yé e nípa ìtàn nìkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú Things Fall Apart, tí Chinua Achebe tẹ̀ jáde ní ọdún 1958, iṣu ni yóò bá níbẹ̀, obì ni yóò bá, egúngún, ọyẹ́, ẹmu, àgbà tí ń pa òwe. Ó mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí láti ilé. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá wá fún wọn ní orúkọ, orúkọ náà rí ibi jókòó sí. Wálé Ògúnyẹmí sì ti túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, ó pè é ní Ìgbésí Ayé Okonkwo, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣìnà ní ọ̀nà kan lè gba èkejì padà sílé.

Ẹnìkan yóò bi mí pé Amos Tutùọlá ńkọ́? Mo fẹ́ràn The Palm-Wine Drinkard tí ó jáde ní ọdún 1952 gidigidi, ṣùgbọ́n n kò ní fi í lé ọmọ tí ń múra ìdánwò WAEC lọ́wọ́. Kí ó kà á lẹ́yìn ìdánwò, kí ó gbádùn rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ fún iṣẹ́ yìí sún mọ́ wa ju gbogbo wọn lọ. Ní Òkè-Igbó, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, ni a bí D. O. Fágúnwà sí ní ọdún 1903. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní ọdún 1938. Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ó pè é ní The Forest of a Thousand Daemons. N kò tíì rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbé ìwé méjèèjì ka orí tábìlì kan náà. Olùkọ́ Yorùbá ń fi ọ̀kan kọ́ni ní kíláàsì kan, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ mọ̀ pé èkejì wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin ìwé méjèèjì kò lóǹkà.

Ẹ wo orúkọ akọni inú ìtàn náà, Àkàrà-oògùn. Nínú ìtumọ̀ Ṣóyínká, ó di “Compound-of-Spells”. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin kí ni “compound”. Yóò dá yín lóhùn kíákíá pé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ń gbá láràárọ̀ ni, tàbí agbo ilé bàbá àgbà òun. Bí ó bá jẹ́ ọmọ onísáyẹ́ǹsì, yóò rántí kẹ́mísìrì, níbi tí èròjà méjì ti para pọ̀ di ẹyọ kan. Ta ni ó wá sún mọ́ Àkàrà-oògùn? Ti kẹ́mísìrì ni, nítorí pé ewé, egbò àti ẹ̀jẹ́ tí a pò mọ́ ara wọn ni àkàrà tí a fi oògùn sí. Ẹ tún bi í ní “spell”. Yóò ní kí a pe lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọfọ̀ àti ògèdè ni Ṣóyínká ń sọ níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà rò ó wò bóyá ó bójú mu kí pípe lẹ́tà àti pípe ọfọ̀ pín ọ̀rọ̀ kan lò. Láti inú orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo, ó ti rí ìtumọ̀ márùn-ún tí kò ní gbàgbé títí láé, nítorí pé ó mọ ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà, ó sì ti bá a wọ igbó.

Tàbí àkọlé ìwé náà gan-an. Kí ló dé tí Ṣóyínká fi kọ “daemons” tí kò kọ “demons”? Ó ṣàlàyé pé òun kò fẹ́ kí òǹkàwé ro èṣù àwọn onígbàgbọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá inú igbó Fágúnwà, ni ó ṣe padà sí ọ̀nà àtijọ́ tí a ń gbà kọ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀. “Thousand” ńkọ́? A kò rí ẹgbẹ̀rún nínú àkọlé tí Fágúnwà fún ìwé rẹ̀. Níbi tí ó sì ti rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹ̀dá kan mu, Ṣóyínká lo “ghommid”, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò ní bá nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí ó wà nínú àpò ìwé àwọn ọmọ. Ó dára kí ọmọ mọ̀ ní kékeré pé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá a máa tálákà nígbà mìíràn, pé ó wá yá nǹkan lọ́dọ̀ wa.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa JAMB, nítorí òun ni àwọn ọmọ fúnra wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àjọ náà ti ń yan ìtàn àròsọ kan fún gbogbo ẹni tí ń ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀: In Dependence ti Sarah Ládípọ̀ Manyika, Sweet Sixteen ti Bọ́lájí Abdullahi, The Life Changer ti Khadija Abubakar Jalli, àti The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba fún ìdánwò ọdún 2025. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó dé Ìgbàrà-Òkè, àkékúrú rẹ̀ ti dé orí fóònù: ìtàn orí kọ̀ọ̀kan ní ìlà márùn-ún, orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn, ìbéèrè àti ìdáhùn. Ọmọ a ka ìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ó lè gba máàkì o, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ròyìn àsè fún kò tíì jẹun. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó pàdé nígbà ogún nínú odindi ìwé, kò pàdé rẹ̀ rárá, nítorí pé ẹni tí ó kọ àkékúrú náà ti fi ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn rọ́pò rẹ̀. Àwa olùkọ́ tí a ń ta àkékúrú yìí fún àwọn ọmọ (a mọ ara wa) ni a ń gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu wọn.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, owó ìtanràn ni ọmọ ń san bí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Èyí lòdì sí ohun tí a ti dán wò ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s “A”, ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀kọ́ kan tí ó dá dúró. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó jọ èyí ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, wọ́n sì di ẹ̀bi ìjákulẹ̀ àwọn ọmọ nínú ìdánwò ru èdè abínibí. N kò gbà. Ìlànà tí a kò tẹ ìwé fún, tí a kò kọ́ olùkọ́ fún, tí kò pé ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, kì í ṣe òun ni ó fi ọmọ tí ó ti wà ní kíláàsì kẹfà girama jókòó sínú ìjákulẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tilẹ̀ tó ìlànà ìjọba. Kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ láyè láti fi Yorùbá sọ ohun tí ó rò pé ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ìṣẹ́jú méjì ni ó gbà. Nínú ìṣẹ́jú méjì yẹn ni olùkọ́ yóò ti mọ̀ bóyá fífọ́, ṣíṣẹ́ tàbí jíjá ni ọmọ náà ní lọ́kàn.

Wọn yóò ní kò sí ìwé, kò sí owó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ní Fiji náà, erékùṣù tí ó jìnnà réré sí wa, níbi tí àwọn ọmọ abúlé kò ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Ní ọdún 1980, Warwick Elley àti Francis Mangubhai kó nǹkan bí 250 ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgbèríko. Ní àwọn kíláàsì kan, àwọn ọmọ kàn ń kà fúnra wọn. Ní òmíràn, olùkọ́ ń kà sókè kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn ọdún kan, ìtẹ̀síwájú wọn nínú ìwé kíkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ojú pátákó. A kò nílò 250 láti bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè. Ogún ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo, ọmọ méjì sí ẹ̀dà kan, yóò tó kíláàsì ọlọ́mọ ogójì. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ń kun ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún lè ra ogún ìwé, kí ọ̀dà náà ṣì dúró de ọdún tí ń bọ̀.

Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó yàn, nígbà tí orí ti rẹ gbogbo ènìyàn. Olùkọ́ Yorùbá yóò ka ojú ìwé kan nínú Ògbójú Ọdẹ sókè, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò ka ibì kan náà nínú ìwé Ṣóyínká. Kò ní sí pátákó, kò ní sí ìbéèrè ogún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni n ó bi wọ́n kí aago tó lù: bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń túmọ̀ ìwé yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ni ẹ ó fi pe ẹbọra?